Odídẹrẹ́ Orashi: Ilẹ̀kùn Mélòó ni Onímọ̀ Yóò Kàn Kí Ó Tó Fọwọ́ Kan Ẹyẹ Igbó?

Bí ọmọ Yorùbá bá ń lọ sí ìdálẹ̀, ọ̀kan nínú àdúrà tí àwọn òbí rẹ̀ fi ń sìn ín dé ibùdókọ̀ ni pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Àdúrà náà ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn dé Port Harcourt: àwọn tí ń tajà ní Mile 1 àti Mile 3, àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní Diobu, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo, àti àwọn tí ń kọ́ni tàbí tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1975, tí ó wà ní Choba. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ẹyẹ tí a fi ń ṣe àdúrà ọ̀hún kò jìnnà sí wọn. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Rivers, ní agbègbè Ahoada, igbó àbàtà kan wà lẹ́bàá odò Orashi. Bí omi bá kún, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni a fi ń rìn láàrin igi. Igbó ọba ni igbó náà. Ó lé ní hẹ́kítà 25,000, àwọn odídẹrẹ́ sì máa ń wọ̀ síbẹ̀ sùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2008 ni a kọ orúkọ rẹ̀, tí ìwé ìjọba ń pè ní Upper Orashi Forests, mọ́ àwọn ilẹ̀ àbàtà tí gbogbo ayé gbà pé ó yẹ ní dídáàbò bò, lábẹ́ àdéhùn tí a ṣe ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Iran ní ọdún 1971.

Ẹ jẹ́ kí á wí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde láti Choba, ó fẹ́ mọ iye odídẹrẹ́ tí ó ṣẹ́kù nínú igbó yìí, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti bóyá wọ́n ń bí sí i tàbí wọ́n ń dín kù. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé àwọ̀n rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn: ta ni ó ni ẹyẹ tí ń fò lókè, ọwọ́ ta sì ni àṣẹ wà?

WÍWÒ YÀTỌ̀ SÍ MÍMÚ

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí pé àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó ń mú kí àwọn kan rò pé ìjọba ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbójú sókè. Ẹni tí ó dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó fi awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra wo ẹyẹ, tí ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé, kò pa òfin ẹyẹ kankan lára. Bí ó bá wọ inú igbó ọba tàbí ọgbà ẹranko ni yóò gba àṣẹ ìwọlé, nítorí ilẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí ẹyẹ. Mímú ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀: kí á fi àwọ̀n mú ẹyẹ, kí á so òrùka mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí á tu ìyẹ́ rẹ̀, kí á kó ẹyin rẹ̀, tàbí kí á pa á kí á lè gbé awọ rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Iṣẹ́ àwọ̀n yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Òwú àwọ̀n náà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kì í fi í rí i, ìdájí ni a sì ń ta á. Bí a bá ta á tán, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lọ jẹun. Oòrùn lè pa ẹyẹ tí ó há sínú rẹ̀, èèrà sì lè jẹ ẹ́ láàyè. Onímọ̀ yóò yọ ẹyẹ jáde, yóò wọ̀n ọ́n, yóò fi rúlà wọn apá rẹ̀, yóò so òrùka irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí a tẹ nọ́ńbà sí lára mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó lọ. Bí a bá tún mú ẹyẹ náà níbòmíràn lẹ́yìn oṣù méjì tàbí ọdún méjì, nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ń kọ́ ìtẹ́ sí ilé àwọn òyìnbó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ni wọ́n ń wá sùn ní ilẹ̀ wa nígbà tí òtútù bá dé lọ́hùn-ún. Ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River tí kò jìnnà sí Rivers, wọ́n máa ń kóra jọ lórí òkè kan tí iye wọn ń lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní ti odídẹrẹ́, akọ jọ abo tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè yà wọ́n. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tàbí ìdí ìyẹ́ kan ni a fi ń mọ̀ ọ́n nínú ilé àyẹ̀wò. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ Choba bá fẹ́ mọ iye abo tí ó wà nínú agbo, kò ní lè ṣe é láìfọwọ́ kan ẹyẹ. Ibẹ̀ ni ìwé àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀.

ÒFIN TÍ Ó DÀGBÀ JU NÀÌJÍRÍÀ LỌ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ jẹ́ àrà tuntun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Abuja dá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1900, nígbà tí Gúúsù àti Àríwá kò tíì di orílẹ̀-èdè kan, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù tí ń ṣàkóso ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí London, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ẹranko igbó, ẹyẹ àti ẹja. Wọ́n to orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa nítorí pé wọ́n wúlò fún ènìyàn. Gúnugún wà níbẹ̀. Òwìwí náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ojú tí a fi ń wo òwìwí ní ilé wa, àti bí àwọn ìyá wa ti ń pe Orí wọn bí ó bá ké lóru, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n eku oko ni òwìwí ń jẹ, àgbẹ̀ sì mọ ohun tí eku ń fi àgbàdo ṣe.

Àdéhùn 1900 náà fi ààyè kan sílẹ̀. Ó ní a lè dẹ òfin lọ́wọ́ bí ó bá jẹ́ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ọgbà ẹranko ni a fẹ́ kó nǹkan sí, tàbí nítorí ìwádìí ìjìnlẹ̀ mìíràn. Gbólóhùn yìí ni bàbá gbogbo ìwé àṣẹ ìwádìí tí ó wà lónìí. Lábẹ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni a fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún awọ ẹyẹ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí òkè òkun, tí a kì òwú sí wọn nínú, tí a sì so ìwé péńpé mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Kò sí gbólóhùn kan nínú àdéhùn náà tí ó ní kí á bi onílẹ̀ léèrè.

Òfin ìdáàbòbò ẹranko igbó tẹ̀ lé e ní 1916, òfin igbó sì wáyé ní 1937. Nígbà tí ìjọba pín sí ẹkùn-ẹkùn, ọ̀rọ̀ igbó bọ́ sí ọwọ́ ẹkùn, Rivers sì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìlà-Oòrùn títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ní 1968, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fúnra wọn péjọ sí Algiers, wọ́n sì ṣe àdéhùn tiwọn. Níbẹ̀, wọ́n ní ẹranko tí ó wà ní ipò kìíní, àṣẹ láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ tí ó ga jù lọ nìkan ni a fi lè mú un, bí àǹfààní orílẹ̀-èdè tàbí ìwádìí ìjìnlẹ̀ bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bí nǹkan ti yí padà láàrin 68 ọdún: láti ọwọ́ ajẹ́lẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ olórí àwọn aláṣẹ.

Èyí tí ó lágbára jù lọ ni àdéhùn tí a ṣe ní Washington ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1973, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CITES, lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Nàìjíríà kò lọ́ra rárá. Ní 1974 ni ó ti fọwọ́ sí i, ó sì wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ìfọwọ́sí wọn mú kí àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1975. Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ ni ó kù, ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá kí ìjọba ológun tó ṣe òfin ilé tí yóò fi àdéhùn náà ṣiṣẹ́, èyíinì ni Dìkírì 11 ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun. Òfin yìí kò dá lórí òwò òkèèrè nìkan. Ó kan dídẹ àti mímú pẹ̀lú. Àwọn tí ó wà nínú ìwé kìíní rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ wọ́n tàbí kí ó fi wọ́n ṣòwò. Àwọn tí ó wà nínú ìwé kejì, ẹni tí ó bá ní láísẹ́ǹsì nìkan ni ó lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìtanràn tí a kọ sínú rẹ̀ ni Náírà 1,000 fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rú òfin ìwé kìíní, àti ẹ̀wọ̀n ọdún kan láìsí owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá tún un ṣe. Náírà 1,000 kì í ṣe owó kékeré ní 1985. Nígbà tí ó fi di 2015, kò ra àpò ìrẹsì kan mọ́. Àtúnṣe 2016 ni ó gbé owó ìtanràn náà sókè, ní 2025 sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí àbá òfin mìíràn tí yóò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀWỌN ILẸ̀KÙN NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ilẹ̀kùn kìíní wà nínú ilé-ìwé rẹ̀ gan-an: olùkọ́ tí yóò dúró fún un, àti ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà mú ẹyẹ kò ní í fìyà jẹ ẹyẹ. Bí kò bá tíì kọ́ iṣẹ́ àwọ̀n, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa ní Nàìjíríà ni Ilé Ẹ̀kọ́ A. P. Leventis fún ìmọ̀ ẹyẹ ní Laminga lẹ́bàá Jos, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 lábẹ́ Yunifásítì Jos, tí igbó Amurum sì wà ní àyíká rẹ̀ fún ìdánrawò.

Ilẹ̀kùn kejì ni ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì í ṣe níhìn-ín, wọn a kọ lẹ́tà sí Abuja, wọn a sì dúró títí. Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Àwọn ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè nìkan ni Ìwé Òfin 1999 kọ sí abẹ́ Ìjọba Àpapọ̀, tí ìpínlẹ̀ tí ó ni ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Kò sí ìkankan nínú méje àkọ́kọ́ tí ó bọ́ sí Rivers. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wo ẹyẹ nínú ọgbà Old Oyo tàbí ti Okomu ni yóò kọ̀wé sí olórí àwọn ọgbà ní Abuja. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ igbó Orashi, Port Harcourt ni lẹ́tà tirẹ̀ yóò lọ, sí àwọn tí ń bójú tó igbó àti àyíká fún ìjọba ìpínlẹ̀. Kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe síbẹ̀ kedere: irú ẹyẹ, iye tí yóò mú, ọ̀nà tí yóò gbà mú un, oṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí yóò parí, àti ibi tí èsì ìwádìí yóò wọlé sí.

Ilẹ̀kùn kẹta kò sí nínú ìwé òfin, òun sì ni ó le jù. Ìwé tí ìjọba tẹ̀ ní òǹtẹ̀ kò lè mú ènìyàn la ẹ̀ka odò kọjá. Láàrin àwọn ará Ekpeye àti Engenni tí igbó náà yí ká, àwọn ìdílé ni wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ tiwọn parí sí, àwọn ọdẹ wọn ni wọ́n sì mọ igi tí odídẹrẹ́ ń sùn sí. Àlejò tí ó bá gba iwájú ààfin ọba kọjá láìkí i, tí ó ní ìwé Gómìnà wà lọ́wọ́ òun, yóò rí i pé gbogbo ọkọ̀ tí ó wà ní èbúté ti ní ẹni tí ó háyà wọn ṣáájú. Ọmọ Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní èyí. Bí a ti ń ṣe ní ilé ni: a ó bọ́ fìlà, a ó gbé ọtí ìkíni lọ, a ó sọ pé, “Bàbá, ọmọ yín ni wá, iṣẹ́ ìwé ni ó gbé wa wá, a kò wá kó ẹyẹ lọ tà,” a ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé èdè tí a ó fi sọ ọ́ kì í ṣe tiwa, ó sì yẹ kí á wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìyẹ́ yóò bá jáde kúrò ní Nàìjíríà fún àyẹ̀wò, ilẹ̀kùn mìíràn tún ṣí. Nínú CITES, ìyẹ́ kan jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú odindi ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń bójú tó àyíká ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkójáde. Fún ẹ̀dá tí ó wà ní ìwé kìíní CITES, orílẹ̀-èdè tí nǹkan ń lọ yóò kọ́kọ́ fúnni ní ìwé ìgbàwọlé. Onímọ̀ tí ìjọba yàn yóò sì jẹ́rìí pé ohun tí a fẹ́ kó kò ní í pa ẹ̀yà náà lára, àti pé a kò rú òfin ilé kí a tó rí i. Ọ̀nà kan tí ó rọrùn díẹ̀ wà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń yá ara wọn ní nǹkan ìwádìí láìsí owó nínú rẹ̀.

Àwọn dókítà ẹranko náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni a rí àrùn lùkúlùkú tí a ń pè ní H5N1 nínú ọ̀gbà adìyẹ kan ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, òun sì ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ tí ó wà nínú ìgò kì í ṣe ohun tí a kàn ń tì sínú àpò aṣọ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

ÌDÍ TÍ Ó FI LE TÓ BẸ́Ẹ̀

Láàrin 1982 àti 2001, odídẹrẹ́ tí a mú láti inú igbó Áfíríkà tí a sì tà sí òkèèrè lé ní 1,300,000. Èyí tí a kọ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí ó kú sínú agọ̀ kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀ kò sí nínú iye náà. Ní Ghana, àwọn onímọ̀ tí ó padà lọ sí àwọn igi tí odídẹrẹ́ ti ń sùn sí rí i pé láti 1992, nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán 90 ni ó ti lọ. Ìwádìí yìí, tí ó jáde ní 2016, wà lára ohun tí a gbé síwájú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó péjọ sí Johannesburg ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Wọ́n dìbò, odídẹrẹ́ sì bọ́ sí ìwé kìíní CITES láti ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2017: a kò gbọdọ̀ ta èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì mọ́. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti jìyà díẹ̀ ṣáájú. Láti 2005 títí di 2011 ni CITES fi ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dá òwò irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ dúró pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ìṣọ́ wa kò tó.

Ẹ kíyè sí i pé kíkà ni ó fa òfin. Bí kò bá sí ẹni tí ó wọ igbó Ghana láti kà, ariwo lásán ni ì bá wà ní Johannesburg. Nítorí náà, ẹ̀sùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ẹ̀sùn òfo. Wọ́n ní lẹ́tà ń pẹ́ lórí tábìlì, ẹyẹ kì í sì í dúró de fáìlì. Bí omi Orashi bá kún tí ó sì fà, àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ti kọjá, ó di ọdún tí ń bọ̀, owó ilé-ìwé ọdún tí ń bọ̀ sì ń dúró dè é. Ẹni tí ń fi òru kó odídẹrẹ́ sínú agọ̀ kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó fẹ́ kà wọ́n ni a ní kí ó kọ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ yìí gún ènìyàn lára, ó sì yẹ kí ó gún àwọn tí fáìlì wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Kò sí ìdí kan gbòógì tí ìwé ìpínlẹ̀ àti ti Ìjọba Àpapọ̀ kò fi lè ní ọjọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ jáde, ìbáà ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Síbẹ̀, kí a wó ilẹ̀kùn kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó mọ igi tí odídẹrẹ́ yé sí ti di ẹni tí àwọn apẹyẹ ń wá; ìwé ìwádìí tí ó bá ya àwòrán ibẹ̀ kínníkínní ti ya àwòrán fún olè. Orúkọ ìwádìí sì ti bo òwò mọ́lẹ̀ rí ní ilẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, àdéhùn Rio ti 1992, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1994, ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà ní ilẹ̀ wa, tiwa ni, àlejò tí ó bá fẹ́ kó nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò yóò kọ́kọ́ tọrọ, a ó sì jọ ṣe àdéhùn lórí èrè rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú àdéhùn 1900 nìyẹn.

TI PORT HARCOURT TÚN YÀTỌ̀

Ní ìlú epo, awò tí a fi ń wo ẹyẹ lè fa wàhálà ju àwọ̀n lọ. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ya àwòrán àwọn ibi tí ìjọba dáàbò bò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé kámẹ́rà gígùn dúró lẹ́bàá ọ̀pá epo, tí ó ní lékelèke ni òun ń wò, lè sọ òtítọ́ tán kí sójà má sì gbà á gbọ́. Ó dára kí ọlọ́pàá àti àwọn tí ń ṣọ́ omi ti gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n epo yìí kan náà ni ó ń fún àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹyẹ ní iṣẹ́. Dìkírì 86 ti 1992 ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá kọ́kọ́ wádìí ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe fún àyíká. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ a máa ń to orúkọ ẹyẹ. Ẹni tí ó lè dá ogójì ẹyẹ mọ̀ nípa ohùn wọn nìkan ní ìdájí ní ọjà tí yóò tajà sí ní Port Harcourt. Ní erékùṣù Bonny, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe gáàsì olómi dá ọgbà Finima sílẹ̀ ní 1999 lórí nǹkan bí hẹ́kítà 1,000, ibẹ̀ sì wúlò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wíwò.

ÌKÓÓDE INÚ GÈLÈ

Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kan Yunifásítì rárá, ilé wa gan-an ni ó kàn. Ìkóóde ń bẹ lórí adé, ó ń bẹ níwájú orí ìyàwó òrìṣà, ènìyàn kò sì lè ki Ìwó tán kí ó má dárúkọ odídẹrẹ́. Ẹni tí ó bá ń rìnrìn àjò láti pápákọ̀ òfuurufú Omagwa lọ sí London tàbí Amẹ́ríkà, tí ó dì ìkóóde kan ṣoṣo mọ́ inú gèlè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó fẹ́ ṣe ọdún òrìṣà lọ́hùn-ún, ti gbé ohun tí ó nílò ìwé CITES. Aṣọ́bodè tí ó bá rí i kò ní í bi í léèrè bóyá ẹyẹ náà ni ó fúnra rẹ̀ jabọ́ ìyẹ́ náà. Odídẹrẹ́ máa ń paarọ̀ ìyẹ́ lóòótọ́, ìyẹ́ tí ó bọ́ fúnra rẹ̀ kò sì pa ẹyẹ lára; ìwé ni aṣọ́bodè ń wò.

Àwọn kan sì máa ń ra odídẹrẹ́ alààyè lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé e kiri, láti mú un lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá. Wọ́n ní Nàìjíríà ni Port Harcourt, Nàìjíríà ni Ìbàdàn, kò sí ààlà tí àwọn rékọjá. Òótọ́ ni pé CITES kò sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà Port Harcourt sí Ìbàdàn. Òfin ilé ni ó sọ̀rọ̀ lórí mímú àti òwò, ẹni tí a bá sì bá ẹyẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mọ́tò ni yóò dáhùn, kì í ṣe ẹni tí ó tà á fún un lẹ́bàá títì tí ó sì ti lọ.

Ti gúnugún tún burú jù. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti gbé igún kékeré tí a mọ̀ sí àkìtàn àti ilé ìpẹran sí ipò àwọn tí ó sún mọ́ ìparun jù lọ. Orí rẹ̀ tí a ń tà fún oògùn ní ọjà wà lára ohun tí ń pa á run. Ní Guinea-Bissau, ní 2020, ó lé ní 2,000 igún tí ó kú nípa májèlé, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní orí. Ìyá oníwòsàn tí ó ní orí igún nínú agbọ̀n ní Mile 3 lè má mọ Guinea-Bissau, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí ó ń rà ní owó díẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ọmọge ti di ohun tí ó ń wá kiri.

Ẹyẹ kan wà tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé àfi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Elgood ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958, tí ó sì fi Ìbàdàn sọ ọ́ lórúkọ: Malimbus ibadanensis, ẹyẹ kékeré dúdú tí ó ní pupa lórí àti láyà, tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà. Àwọn ọdún kan wà tí ìbẹ̀rù fi mú àwọn onímọ̀ pé ó ti parun. Ìgbà tí àwọn kan tún wọ igbó ní 1987 ni a rí i padà, ó sì ń bẹ nínú igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA ní Ìbàdàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Choba lè bẹ̀rẹ̀ láìta àwọ̀n kankan. Bí ìpínlẹ̀ bá ti fún un ní ìwé, tí ọba ìlú sì ti gba ọtí ìkíni lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wá ọdẹ kan tí ó mọ ibi ìsùn ẹyẹ, kí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Odídẹrẹ́ máa ń padà sílé ní méjì-méjì àti ní agbo kéékèèké, wọ́n sì máa ń pariwo bọ̀. Kí ó kà wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀, kí ó tún padà lọ ní ọ̀la.